Mọ́tò Mi Kú, Grúùpù Ní Àmín

Aago márùn-ún ìdájí ò tíì lù tán tí fóònù mi fi dún, àyà mi já, mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé ni, àṣé àwòrán òdòdó pupa kan ni wọ́n fi sí grúùpù WhatsApp wa, ife tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń rú èéfín, wọ́n wá kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé "Ọ̀sẹ̀ yìí á sàn wá." Ọ̀gbẹ́ni tó fi ránṣẹ́ yìí, ó ti tó ọdún méjì tó ti ń fi òdòdó jí wa, mi ò tíì rí gbólóhùn kan tó ti inú ikùn òun fúnra ẹ̀ jáde. Kílẹ̀ tó mọ́, Àmín ti pé mẹ́tàlélógún. Mo kà á.

Àwa 68 la wà nínú grúùpù àwọn tá a jọ ka sẹ́kọ́ńdírì. WhatsApp ní grúùpù lè gba èèyàn 1,024, ọpẹ́lọpẹ́ pé kíláàsì wa ò tóyẹn, Àmín ì bá ti gbé wa lọ.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹnìkan ń ṣọjọ́ ìbí, háà, WULLNP, ìyẹn ẹ̀mí gígùn àti aásìkí! Yorùbá tó ń koríkì ọmọ títí orí ọmọ á fi wú, lẹ́tà mẹ́fà la wá ń jù síra wa báyìí bí ẹni ń ju ẹ̀pà sẹ́nu.

Tàwọn afọ̀rọ̀ránṣẹ́ ńkọ́? Látọdún 2020, mẹ́sééjì tó bá ti rìn jìnnà, ibì kan péré ni WhatsApp ń jẹ́ kéèyàn fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò rí i pé ìyẹn á tu wá lára? Irọ́ ni o, ńṣe ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí. Ṣebí irú wọn ló jí wa lóru lọ́dún 2014 pé ká fomi iyọ̀ wẹ̀ nítorí Ebola, táwọn kan tún mu ún kún un, tó sọ wọ́n dèrò ọsibítù.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó wà ní Peckham ní London kì í tẹ nǹkan ní tiẹ̀, vóìsì nóòtù ìṣẹ́jú méje ló máa ń ṣe, mẹ́rin nínú ẹ̀ jẹ́ ìkíni, ikọ́, àti ariwo bọ́ọ̀sì. Dátà mi ni o!

Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, mọ́tò mi kú ní Ìwó Road, oòrùn ń pa mí, mo bá tẹ̀ ẹ́ sí grúùpù pé "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ mẹkáníìkì gidi nítòsí Ìwó Road?" Gbogbo wọn kà á, máàkì ti di búlúù, mo rí i pé ẹnìkan ń tẹ nǹkan, ó dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn. Ọ̀gbẹ́ni olódòdó ni. Ó ní "Àmín."

Lòmíì bá tẹ̀ lé e pé "Àmín ní orúkọ Jésù." Ìkẹta ní "Àmín, láṣẹ Èdùmàrè." Àmín mọ́kànlá ló bọ́ sórí mọ́tò tí ò lè sún. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì ló bá mi pe mẹkáníìkì, kò tiẹ̀ mọ orúkọ mi.

Ó ṣe mí bíi kí n fìbínú jáde kúrò nínú grúùpù náà, àmọ́ wọ́n ti yí i padà, àwọn ádímínì nìkan ni wọ́n ń fi tó létí téèyàn bá jáde, ta wá ni mo fẹ́ bínú hàn? Àti pé, ọjọ́ ìbí mi ku ọjọ́ mẹ́ta sha.