Kíkọ́ Iṣẹ́ Ọdẹ Lágbà Láìní Ọ̀gá

Mo ti pé ẹni ọdún 38 kí n tó kọ́kọ́ gbé ìbọn wọ igbó. Bàbá mi kì í ṣọdẹ, n kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan tó lè mú mi tẹ̀ lé ara rẹ̀, ohun tí mo sì mọ̀ nípa ẹran ìgbẹ́ kò ju èyí tí mo rí nínú àwòrán lọ. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ẹni tí kò rí ẹni bi yóò ṣe. Ó ti di ọdún méje báyìí tí mo ti ń dá ṣọdẹ, mo sì ti ní èrò kan tí mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn lé lórí: ohun tí ẹni tí kò ní ọ̀gá ń pàdánù kì í ṣe ìmọ̀, ẹni tí yóò di í lọ́wọ́ mú ni.

Ìmọ̀ kò wọ́n. Ìwé wà, fídíò wà, ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣètò sì wà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní Jámánì, ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ ọdẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kíkọ, ti ẹnu àti ti ìbọn yíyìn, wọn yóò sì bi í léèrè nípa òfin, nípa àrùn ẹran, nípa ajá ọdẹ àti nípa ìmọ́tótó ẹran tí a pa. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ New York ti sọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ di dandan láti 1949, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ pé kí a máa ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, kí a má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí a kò fẹ́ pa, kí ìka wa má kan ibi tí a ti ń fà á títí ojú wa yóò fi dá ohun tí a fẹ́ yìn mọ̀ dájú, kí a sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ọta ló ń dúró sínú ẹran. Àgbàlagbà tó bá fara balẹ̀ lè há gbogbo èyí sórí láàárín ọjọ́ kan. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fo ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ kò ní bá a gun ẹ̀gùn lórí igi ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹran bá yọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì.

Ọdún kejì mi ni èyí ṣẹlẹ̀. Àgbọ̀nrín kan jáde ní bíi 60 mítà sí mi. Kò fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí; ó dà bíi pé ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi, ó kàn yí ara díẹ̀ ni. Mo ti jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán, mo sì ti gun ẹ̀gùn náà fún ọjọ́ mọ́kànlá láìrí nǹkan kan. Mo yìn ín. Ó ká ẹ̀yìn rẹ̀ kò bí ẹni tí inú ń run, ó sì rọra rìn wọ inú igbó lọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí mo bá nílẹ̀ kò pọ̀, ó dúdú, koríko jíjẹ tútù wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti inú ìfun. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Láìpẹ́ ni mo gbọ́ tí nǹkan fò dìde níwájú mi nínú igbó, tí ẹ̀ka igi ń ya, láti ìgbà náà ni n kò sì rí ẹ̀jẹ̀ kankan mọ́. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá a lóru, mo tún padà lọ wá a láàárọ̀. N kò rí i.

Ohun tó ń dùn mí di òní ni pé mo mọ̀. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó tọ́ka sí ẹ̀dọ̀fóró, ààbọ̀ wákàtí sì tó láti dúró kí a tó tọ ipasẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ní koríko nínú tọ́ka sí inú, ẹran bẹ́ẹ̀ sì lè lo wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó kú, àmọ́ kò ní jìnnà, yóò dùbúlẹ̀ sí ìtòsí tí ẹnikẹ́ni kò bá lé e dìde. Ọ̀gá kan ì bá ti fọwọ́ kan èjìká mi kí n tó yìnbọn, kó ní, "Fi í sílẹ̀." Bí mo bá sì ti yìn ín ná, ì bá ní kí n jókòó jẹ́jẹ́. Àṣìṣe ẹni tó ń dá kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ara rẹ̀ ló ń pa lára. Àṣìṣe ẹni tó ń dá kọ́ ọdẹ, ẹran ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lágbà pé kó fi gbogbo sáà ọdẹ àkọ́kọ́ wọ igbó láìgbé ìbọn. Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbé ìbọn dání kò ní ohun tó ń kán an lójú, ó lè jókòó wo nǹkan. Yóò bu lẹ́búlẹ́bú eérú díẹ̀, yóò dà á sáfẹ́fẹ́, yóò sì rí i pé lórí òkè, atẹ́gùn máa ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń tutù ní ìrọ̀lẹ́, tó sì máa ń gòkè nígbà tí oòrùn bá ti ta sí ilẹ̀ láàárọ̀, pé ibi tó dára láti jókòó ní ìdájí lè jẹ́ ibi tí òórùn rẹ̀ yóò ti tú u fó ní ìrọ̀lẹ́. Yóò rí i pé ojú àgbọ̀nrín kò fi bẹ́ẹ̀ ya àwọ̀ ọsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ewé, nítorí náà aṣọ tí ọdẹ ń wọ̀ kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà ṣèèṣì yìn ín kò pa á lára, àmọ́ bó bá gbé ọwọ́ kan péré, ẹran ti rí i. Mo ti wo àgbọ̀nrín kan tó fura sí mi: ó tẹrí ba bí ẹni tó fẹ́ jẹko, kò já ewé kan, ó sì gbórí sókè wàì láti wò bóyá màá mira. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ká ní ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀tàn kìíní ni ǹ bá ti mira.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wá òfin tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀ nílé. Tèmi wà lórí ìwé kékeré kan tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí ìbọn. Ibi tí a lè yìn lára àgbọ̀nrín, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí náà mo gbé àwo tó tó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, n kò fi ìbọn ti nǹkan kan, mo sì yin ọta márùn-ún. Ibi tó jìnnà jù tí márààrún ti wọ inú àwo ni òpin mi. 70 mítà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn náà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. N kò ní yin ẹran tí kò fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí. Bí mo bá sì ti bi ara mi pé ṣé ìmọ́lẹ̀ ṣì tó, kò tó mọ́ nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú wá ọ̀gá kiri títí a ó fi rí i. N kò kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo pa ẹran àkọ́kọ́, tí mo ní láti la ikùn rẹ̀ kíákíá kí ooru ara má baà ba ẹran jẹ́, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n kí n má baà bẹ́ àpòòtọ̀, ọ̀gá èyíkéyìí ni ǹ bá gbà. Àmọ́ mo ti bá àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà pàdé, tí ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ti àgbọ̀nrín tí n kò rí fún un, tó ní ti igbó ni, kí n gbàgbé ẹ̀. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ni ní àìbìkítà, yóò sì fi àgbà tì í lẹ́yìn.

Ní sáà tó kọjá, òmíràn jáde ní bíi 50 mítà, ó kọjú sí mi gan-an. Mo gbé ìbọn sókè, mo sì rí ìwé kékeré náà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo ń dúró kó yí ẹ̀gbẹ́. Ó jẹko díẹ̀, ó gbọ̀n etí, ó sì padà síbi tó ti wá láìyí ẹ̀gbẹ́ sí mi rárá. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, mo yọ ọta kúrò nínú ìbọn, mo sì sọ̀kalẹ̀.