Ọmọ tó jẹ́ àkàndá kì í fa kíláàsì sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp pé bí wọ́n bá ti fi ọmọ tó jẹ́ àkàndá sáàárín àwọn yòókù ní kíláàsì, ẹ̀kọ́ gbogbo wọn ni yóò bàjẹ́. Irọ́ ni. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Manchester kó ìwádìí 26 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Nínú gbogbo àbájáde wọn, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi hàn pé àwọn akẹgbẹ́ ọmọ àkàndá jàǹfààní, tàbí pé kò pa wọ́n lára rárá. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Poland yẹ ìwádìí 47 wò, tó kan akẹ́kọ̀ọ́ tó sún mọ́ mílíọ̀nù 5. Èrè díẹ̀ ni wọ́n rí, kì í ṣe àdánù.

Lóòótọ́, tíṣà kan ṣoṣo tó ń kọ́ ọmọ rẹpẹtẹ láìsí olùrànlọ́wọ́ yóò jìyà. Àìtó tíṣà nìyẹn. Ẹ má di ẹrù náà ru ọmọ tí kò ríran. Òfin àwọn àkàndá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ yẹn ló yẹ ká máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba.