Kì í ṣe ìdọ̀tí inú gọ́tà nìkan ló ń fa omíyalé

Gbogbo ìgbà tí omi bá ti ya wọlé ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ lórí rédíò: ẹ yé da ìdọ̀tí sódò. Òótọ́ ni. Ọ̀rá àti ike tó dí ojú gọ́tà ń ṣe wá níkà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí. Òjò fúnra rẹ̀ ti yí padà, nítorí pé ayé ń gbóná sí i.

Ẹ rántí August 26, 2011. Láàárín wákàtí díẹ̀, òjò tó rọ̀ ju mìlímítà 180 lọ. Ó gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, ó kó ẹja ọ̀sìn Yunifásítì Ìbàdàn lọ, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 100. Lóòótọ́, odò Ògùnpa ti ṣọṣẹ́ ní 1980 kó tó dìgbà yẹn, nítorí náà kì í ṣe ìgbóná ayé ló bí omíyalé. Agbára ló ń fi kún un.

Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì Sẹ́lísíọ̀sì kan péré gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ayé sì ti gbóná ju dígírì kan lọ sí ti àtijọ́. Òjò tó bá rọra fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀, ilẹ̀ á ráyè mu ún. Èyí tó bá dà wìì láàárín wákàtí mẹ́ta, orí páànù àti kọnkéré ló ń bọ́ sí, ó di inú odò tààrà. Nígbà tí odò Ọya bo Lọ́kọ́ja ní 2022, àwọn onímọ̀ tó yẹ òjò ọdún náà wò sọ pé ìgbóná ayé fi kún un gan-an.

Ìbéèrè mi nìyí: afárá tí omi bá gbé lọ, tí wọ́n bá ń tún un kọ́, òjò wo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n? Ṣé tayé bàbá wa ni, àbí èyí tó ń bọ̀? Bí wọ́n bá kọ́ ọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, owó ìlú ti wọ odò.

Ohun tó dùn mí jù ni ti àwọn ilé etí odò. Àpá omi ti dé ibi fèrèsé, wọ́n á kun ọ̀dà bò ó, wọ́n á gba ayálégbé tuntun. Onítọ̀hún ò mọ nǹkan kan, ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ìjọba ri òpó mọ́ gbogbo ibi tí omi 2011 dé, kí wọ́n sàmì sí bó ṣe ga tó, kẹ́ni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí gba yàrá lè rí i kó tó sanwó.