Kì í ṣe ìgbéraga, ojú ni

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Sọ́ńdè tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ìwàásù gùn díẹ̀ (kí Ọlọ́run dárí jì mí), ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíláàsì. Àwọn àgbà tó jókòó níwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní tiwọn. Àwọn kan fi okùn so ó kọ́rùn, àwọn kan fà á wá sí ṣóńṣó imú kí wọ́n tó ṣí Bíbélì. Lápá ibi tí àwọn ọmọdé jókòó sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí. Ìyá kan tí mo sọ ọ́ fún lẹ́yìn ìsìn ní, "Ṣé o rí i? Ojú àwọn ọmọ tiwa le. Àwọn ọmọ Èkó ni tẹlifíṣọ̀n ti bà lójú jẹ́."

Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n gíláàsì ni mo kà, mi ò ka ojú.

Gíláàsì àwọn àgbà yẹn, tí wọ́n ń rà lórí àtẹ lọ́jà, ọ̀tọ̀ ni wàhálà tiẹ̀. Béèyàn bá ti lé lógójì ọdún, ohun tó sún mọ́ ọn ló máa ń di ìṣòro fún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń na ìwé jìnnà sí ojú. Tọmọdé tí kò ríran jìnnà yàtọ̀: ìwé ọwọ́ rẹ̀ hàn sí i kedere, pátákó ni kò rí. Ẹyinjú rẹ̀ ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹyinjú àgbàlagbà ò ju nǹkan bíi mìlímítà 24 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá fi mìlímítà kan péré gùn sí i, òdìkejì títì ti di kùrukùru nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fi mọ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n sì ń fi mí sùn nílé kì í ṣe pé mi ò mọ̀wé. Ìgbéraga ni. Nílùú tí ọmọdé ti gbọ́dọ̀ máa ti òkèèrè kúnlẹ̀ kí àgbà, èmi á kàn kọjá lọ ní tèmi, níṣojú àwọn bàbá tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lódìkejì títì. Kí n tó délé, ẹjọ́ ti délé. "Ọmọ yín yìí, ta ló pe ara rẹ̀ gan-an?" Màmá mi á sì fa etí mi dáadáa. Nígbà tó yá, mo dọ́gbọ́n sí i: ohunkóhun tó bá ti ṣú dùdù lórí bẹ́ǹṣì, mo ti kúnlẹ̀ kí i. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ fún àpò kajú mẹ́ta lọ́jọ́ kan nìyẹn, tí mo ní, "Òkun o, bàbá." Àbúrò mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Títí dòní, bó bá pè mí lórí fóònù, á ní ṣé mo ti kí àwọn àpò.

Ní kíláàsì, mo ga, ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí. Ohun tí ẹni tó jókòó tì mí bá kọ ni mo ń dà kọ, àti àṣìṣe rẹ̀. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni wọ́n tó yẹ ojú mi wò.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ní òótọ́ nínú. Láwọn ìlú ńlá Ṣáínà, South Korea, Taiwan àti Singapore, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, nǹkan bíi 80 sí 90 ni kò ríran jìnnà. Nínú àyẹ̀wò ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bíi 16 nínú 100 ni, láàárín àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè. Tàwọn ọmọ iléèwé wa tún kéré síyẹn. Oòrùn wà lára ohun tó fà á. Ìmọ́lẹ̀ ìta máa ń jẹ́ kí inú ojú tú èròjà kan jáde, dopamine lorúkọ rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ẹyinjú máa gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 2010 ni Taiwan ti ń ní kí àwọn ọmọ iléèwé máa lo wákàtí méjì níta lójúmọ́, iye àwọn tí ojú ń yọ lẹ́nu sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko iṣu, tó tún gbá bọ́ọ̀lù dìrọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ló ń gba ìyẹn.

Àmọ́ àwa ará Òkun yìí, ìwé la fi ń yangàn. Ọmọ á ti iléèwé bọ́ sí lẹ́sìn, lẹ́sìn dalẹ́, alẹ́ ni ti fóònù. Bá a bá ń bá a lọ báyìí, a máa bá àwọn ará Singapore dọ́gba láìpẹ́. Ojú la ó sì ti bá wọn dọ́gba, kì í ṣe ìṣirò.

Ká tiẹ̀ ní márùn-ún péré ni nínú ọgọ́rùn-ún. Kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ ní mẹ́ta nìyẹn. Ta ló ń wá àwọn mẹ́ta yẹn?

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ pé gíláàsì ló ń ba ojú ọmọ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Malaysia, wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní gíláàsì tí agbára rẹ̀ dín sí ohun tí ojú wọn ń fẹ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní èyí tó pé. Ní 2002 tí èsì jáde, àwọn tí tiwọn dín ni ojú wọn yára burú sí i.

Ní Kérésì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ráhùn sí mi pé ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ya aláfojúdi, kì í kí èèyàn. Mo pe ọmọ náà, mo ní kó ka nọ́ńbà mọ́tò tó dúró lódìkejì títì fún mi.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ ọn."

Ó ti ní gíláàsì báyìí. Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ọ̀nà jíjìn kúnlẹ̀ kí bàbá kan tó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn rí. Bàbá wò ó títí, wọn ò dá a mọ̀. Wọ́n ní, "Olójú mẹ́rin, ọmọ ta nìwọ?"