Irin inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń fa psoriasis o

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ohùn tí wọ́n ká tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn, tó ní májèlé irin inú ẹ̀jẹ̀ ló ń fa psoriasis, àìsàn awọ tó máa ń pọ́n tó sì máa ń bó, pé kéèyàn máa mu àgbo tó ń fọ irin jáde kó sì máa gbé oògùn síńkì mì dáadáa, kì í ṣòótọ́ o.

Òótọ́ ni pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní psoriasis wò, ọ̀pọ̀ ìwádìí sì rí i pé bàbà máa ń pọ̀ díẹ̀, síńkì á lọ sílẹ̀, àmọ́ gbogbo ẹ̀ kọ́ ló bára mu. Ṣé ẹ rí i, tára bá ń wú tó ń pọ́n báyẹn, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe pùrótíìnì tó ń gbé bàbà rìn, wọ́n ń pè é ní ceruloplasmin, síńkì á sì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, torí náà àìsàn yẹn gan-an lè yí iye àwọn irin yìí padà. Ní ti psoriasis, ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà ló ń ṣìṣe, awọ tó yẹ kó gbó láàárín bí oṣù kan á gbó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kì í ràn rárá!

Síńkì tó bá ju 40 mg lọ lóòjọ́, tó sì pẹ́, lè lé bàbà kúrò lára, kí ẹ̀jẹ̀ má tó lára mọ́. Àǹtí mi tó ń tajà n'Ígbọ̀nà ti pa ìpara dókítà tì torí ohùn yìí, ara ẹ̀ ti tún bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in mọ́.