Gìgísẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi, imú bàtà ni

Bàtà onímú ṣóńṣó tún ti dé o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: aláwọ pupa, imú rẹ̀ mú bí ẹnu ẹyẹ, gìgísẹ̀ rẹ̀ ò sì ju ìka mẹ́ta lọ. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa, híìlì ti wálẹ̀!"

Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ibi tí mo bá ṣí lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, àwọn obìnrin ló ń yọ̀ pé a ò ní gun àkàbà kiri mọ́ ní sáà yìí, pé ẹsẹ̀ ti rí ìsinmi. Èmi ní kí ẹ má tíì jó. Ohun tó ń fìyà jẹ ẹsẹ̀ wa ò sí lẹ́yìn bàtà, iwájú ló wà.

Mo ní irú bàtà yẹn kan, dúdú, kò ga rárá. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan tí ìpàdé gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ wa. Títí di ọ̀sán, kò sí wàhálà. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, mo rọra bọ́ ọ lábẹ́ tábìlì, mo bojú wolẹ̀: ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi ti gun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ó ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lé róró, omi ti wà nínú rẹ̀. Mo ní kí n ti ẹsẹ̀ padà sínú bàtà, ẹsẹ̀ kọ̀. Bí mo ṣe jókòó sójú kan nìyẹn títí gbogbo èèyàn fi jáde tán, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé pàtàkì.

Nígbà tí mo délé, mo ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe. Mo tẹ́ bébà sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ lásán dúró lé e, mo fi pẹ́ńsù yà á yíká. Mo wá gbé bàtà náà lé orí àwòrán ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti fẹ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ẹsẹ̀ yọ síta lọ́tùn-ún, ó yọ síta lósì, imú bàtà sì na síwájú lófìfo, kò sí ìka kankan tó débẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni àtàǹpàkò mi wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, àmọ́ lójú ẹni tó gé awọ bàtà yẹn, àárín ló yẹ kó wà. Ẹsẹ̀ tí kò sí lára ẹnikẹ́ni ni wọ́n rán an fún.

Bí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ní 2021 àwọn olùwádìí Yunifásítì Cambridge gbé iṣẹ́ kan jáde lórí egungun òkú 177 tí wọ́n hú ní ìlú Cambridge àti àyíká rẹ̀. Wọ́n ń wá àtàǹpàkò tó ti ya sọ́dọ̀ àwọn ìka yòókù, irú èyí tí eegun ìdí rẹ̀ máa ń yọ gọngọ sí ẹ̀gbẹ́. Lára àwọn tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹtàlá, 6 nínú 100 ló ní in. Lára àwọn ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá àti kẹẹ̀ẹ́dógún, ó fò di 27 nínú 100. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Bàtà onímú gígùn ṣóńṣó ló gbòde. Pẹrẹsẹ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ o, híìlì kankan ò sí nídìí rẹ̀. Fáàrí náà le débi pé ní 1463, lásìkò ọba Edward Kẹrin, òfin jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tí ipò rẹ̀ ò bá tó ti lọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà tí imú rẹ̀ kọjá ínǹṣì 2. Wọn ò torí ìrora ṣe òfin yẹn. Kí tálákà má baà jọ olówó ni.

Bàtà pẹlẹbẹ àwọn oníjó ballet náà kì í pẹ́ lọ kó tó tún dé. Ní 1956, Rose Repetto ṣe ọ̀kan fún Brigitte Bardot, òṣèré ilẹ̀ Faransé, láti ìgbà náà ló sì ti ń lọ tó ń bọ̀. Ó dà bíi pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: kò ní okùn, kò ní bọ́kùlù, kí ló wá ń dì í mú sẹ́sẹ̀? Àwọn ìka ni. Dandan ni kó fún níwájú kó má baà bọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá tẹ òkúta wẹ́wẹ́, o lè kà wọ́n. Èyí tó ní okùn kan lókè ẹsẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Mary Jane, ló gbọ́n jù nínú ẹbí yẹn. Okùn ló ń ṣe iṣẹ́ ìdìmú, iwájú á wá ráyè fẹ̀. Tèmi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń mú mi jọ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bàtà onípèpéle, tí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ńkọ́? Naomi Campbell, tó jẹ́ pé rírìn níbi àfihàn aṣọ niṣẹ́ rẹ̀, ṣubú lórí rẹ̀ ní Paris ní 1993 lójú gbogbo ayé. Èmi tí mò ń sáré lé bọ́ọ̀sì, mo yàgò fún un.

Àwọn kan á ní kí n gbé èyí tí mi ò wọ̀ mọ́ pamọ́, pé ohun tó lòde lónìí á tún padà lọ́la. Á padà lóòótọ́. Bàtà ni kì í dúró dè é. Mo ní sálúbàtà kan tí mo dì sínú bébà, tí mo gbé sínú páálí fún ọdún mélòó kan, tí mo wá gbé jáde tayọ̀tayọ̀ nígbà tí ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ irú rẹ̀. Mi ò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí bíi pé ó rọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn: ìsàlẹ̀ bàtà ń rún sílẹ̀ wómúwómú, ó ń tò tẹ̀ lé mi bí ẹni pé àpò èédú ń jò. Irú rọ́bà fífúyẹ́ yẹn, polyurethane, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́. Inú páálí ni tèmi ti gbó tán.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ ni mo máa ń ra bàtà báyìí, bébà tí mo ya ẹsẹ̀ mi sí sì wà nínú báàgì mi. Àwọn tó ń tà á máa ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Mi ò purọ́ fún yín, onímú ṣóńṣó ṣì ń wù mí. Ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gùn lójú, ó ń gbé ṣòkòtò yọ. Mo ṣì ní dúdú yẹn, mo kàn sọ ọ́ di bàtà ìjókòó.

Mo ka gbogbo ẹjọ́ yìí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ní mo ti ń darúgbó. Ó ra pupa yẹn, ó kàn ní kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà tó ju tòun lọ, kí iwájú lè gba ìka. Lánàá la pàdé. Bó ṣe ń bọ̀ ni gìgísẹ̀ rẹ̀ ń yọ jáde lẹ́yìn bàtà, pàfà, pàfà, bí ẹni wọ sílípáàsì. A jókòó, ó bọ́ ọ̀kan, ó ki ìka bọ imú rẹ̀, ó fa òwú jáde, ẹ̀kúnwọ́ kan gbáko.

"Ó gùn jù mí lọ," ló wí, "ó sì tún ń fún mi."