Jẹ́nótáìpù kì í yí padà, èsì láàbù ló ń ṣìnà

Ẹ máa ń gbọ́ ọ: "AS ni mí tẹ́lẹ̀, AA ni mo dà báyìí." Àwọn kan ní àgbo ló yí i, àwọn kan ní ọjọ́ orí ni, àwọn mìíràn ní àdúrà ni, ìwé láàbù méjì sì wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń jẹ́rìí. Lóòótọ́, ìwé méjèèjì lè jẹ́ ti ẹnì kan náà. Àmọ́ ó dájú pé ọ̀kan nínú wọn kò tọ̀nà, bó bá sì jẹ́ èyí tí kò tọ̀nà lẹ fi ṣègbéyàwó, ọmọ ló lè jìyà rẹ̀.

Ọjọ́ tí oyún dúró ni jẹ́nótáìpù ti parí. Jíìnì tó ń pinnu irú hemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara) tí ara yóò ṣe wà lórí kromosóòmù 11 (ọ̀kan nínú àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé jíìnì), ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì náà ló ya S, tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, kúrò lára A tó dára: GAG di GTG. Kò sí àgbo tàbí oúnjẹ tó ń tún lẹ́tà yẹn kọ.

Báwo wá ni èsì ṣe ń yàtọ̀? Ọ̀pọ̀ láàbù ò wo jíìnì rárá, hemoglobin ni wọ́n ń wò. Wọ́n á fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n á kán díẹ̀ sórí bébà sẹ́lúlóòsì tí wọ́n ti rẹ sínú omi buffer (omi tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ásíìdì yí padà) tí pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 8.4 sí 8.6, wọ́n á sì tan iná mànàmáná sí i. A á sáré síwájú, S á tẹ̀lé e, C, irú hemoglobin mìíràn tó yàtọ̀ sí A, á wà lẹ́yìn pátápátá. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ AS àti SC tí wọ́n ti mọ̀ dájú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, kí wọ́n lè fi ìlà wé ìlà. Bí wọn ò bá fi í síbẹ̀, ojú lásán ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Bí wọ́n bá ti lo omi buffer yẹn jù, tàbí tí iná lọ láàárín iṣẹ́, A àti S ò ní yà dáadáa. Ká má tíì sọ ti ìgò tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí.

Èyí tó burú jù ni àyẹ̀wò kíákíá tó kàn ń wá S nìkan. Kò lè ya AS kúrò lára SS, kò sì rí C rárá. Ẹni tó jẹ́ AC lè gba ìwé AA níbẹ̀, C sì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ AS, ọmọ wọn lè jẹ́ SC, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà sì ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí èèyàn lára náà máa ń tanni jẹ. Bí SS bá gba ẹ̀jẹ̀ AA, ó lè hàn bí AS títí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára yẹn yóò fi tán, nítorí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò tó 120 ọjọ́. Ẹ dúró oṣù mẹ́rin. Hemoglobin F (irú tí ọmọ ń lò nínú oyún) ló sì pọ̀ jù lára ọmọ tuntun, nítorí náà ẹ tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ibì kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí lóòótọ́: ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun. SS tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó jẹ́ AA lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀jẹ̀ AA. Ṣùgbọ́n àtọ̀ tàbí ẹyin rẹ̀ ò yí, S ni yóò máa fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Ìtọ́jú àtúnṣe jíìnì tí wọ́n ń pè ní Casgevy, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 pàápàá, F ló ń mú pọ̀ sí i, kì í yọ S kúrò.

Kí ẹ tó mú ọjọ́ ìdána, kí àwọn méjèèjì ṣe é ní láàbù méjì, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tuntun níbì kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń lò, ẹ sì sọ bí ẹ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ rí. Bí èsì méjèèjì bá ta kora, àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HPLC ni kí ẹ fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, torí ó ń wọn iye A, S, C àti F lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ti òbí wò ó pẹ̀lú: ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ SS kò lè jẹ́ AA. Bí ọmọ bá sì jáde ní SS nígbà tí ìwé bàbá ń kà AA, kí bàbá tún ti ara rẹ̀ ṣe pẹ̀lú HPLC, kí wọ́n sì yẹ thalassaemia (àbùkù jíìnì tí kì í jẹ́ kí ara ṣe hemoglobin tó) wò, kó tó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ kankan.